Bí Ẹ Bá Tẹ̀lé Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Yín Lọ sí Ìlú Onílùú

   Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pàdé ti Nàìjíríà. Bẹ̀nẹ̀ ni onílé lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, Kútọnu kọ́ ni wọ́n ti gbá a. Abidjan ni, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, nítorí pé àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà kò tíì fọwọ́ sí pápá ìṣeré Kútọnu nígbà náà. Bẹ̀nẹ̀ jẹ góòlù 2, Nàìjíríà jẹ 1. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó ní láti la ilẹ̀ Tógò kọjá, kí ó la ilẹ̀ Gánà kọjá, kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó jẹ́ onílé ti di àlejò.

Àwọn àgbà wa sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní pápá ìṣeré ńlá, ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àlejò rí èrò, ó rí àsíá, ó rí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì. Kò mọ ibi tí àtẹ̀gùn já sí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan yìí: kí àlejò tó wo bọ́ọ̀lù, kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹ má ṣe dá lọ. Ẹ lọ ní ẹgbẹ́, kí ẹ yan ẹnì kan ṣe olórí. Kí ẹni tó mọ̀wé kọ nínú yín kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wọ ọkọ̀ sínú ìwé kan. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kí ó pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà fóònù ará ilé rẹ̀ kan sórí pépà, kí ó fi í sápò. Ẹ lè sọ pé, "Ó ṣáà wà nínú fóònù mi." Bí iná fóònù bá kú ńkọ́? Bí ó bá jábọ́ ńkọ́? Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá sì ń pe fóònù lẹ́ẹ̀kan náà níbì kan, ó máa ń ṣòro kí ìpè wọlé. Pépà kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú ọmọdé lọ́wọ́, pépà tirẹ̀ ṣe pàtàkì ju tiyín lọ.

Bí ẹ ó bá kọjá ẹnubodè, bóyá ní Hillacondji sí Tógò tàbí ní Sèmè-Kraké sí Nàìjíríà, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà nínú àjọ CEDEAO ti fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kí ó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìgba físà kì í ṣe àìmú ìwé dání. Wọ́n tún lè béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo ọkọ̀ náà dáadáa. Ọkọ̀ tí èrò ń rọ̀ mọ́ lẹ́yìn, tí awakọ̀ rẹ̀ kò sùn, kì í ṣe ọkọ̀ tí a fi í lọ wo bọ́ọ̀lù. Ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó lọ: ta ni yóò wakọ̀ bọ̀ lóru?

OHUN TÓ WÀ LÁRA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ YÍN

Ibí yìí ni ìwé kíkà ti wúlò fún yín. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ̀wé sára tíkẹ́ẹ̀tì àti sára ògiri pápá. Ẹ kò ní láti gbọ́ Faransé kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ̀. Bí ẹ ṣe ń dá àmì ara àpò ajílẹ̀ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ dá àwọn wọ̀nyí mọ̀:

ENTRÉE: ibi tí à ń gbà wọlé.
SORTIE: ibi tí à ń gbà jáde.
SORTIE DE SECOURS: ibi tí à ń gbà jáde nígbà tí ewu bá dé.
PORTE: ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà máa ń tẹ̀lé e.
TRIBUNE: apá ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí.
RANG: ìlà àga.
PLACE: àga tiyín gan-an.
VISITEURS: àwọn àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ pé "Porte 4, Tribune B, Rang 12, Place 27", ohun tó ń sọ fún yín ni pé: ẹ gba ilẹ̀kùn kẹrin wọlé, ẹ lọ sí apá B, ẹ gòkè dé ìlà àga 12, ẹ jókòó sórí àga 27. Bí ẹ bá lọ sí Nàìjíríà tàbí Gánà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó bá lára ògiri. Níbẹ̀, GATE ni ilẹ̀kùn, EXIT sì ni ibi tí à ń gbà jáde.

Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kiri ní ìkọ̀kọ̀. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ ó pàdánù owó, wọn yóò sì dá yín padà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí èrò ti pọ̀ lẹ́yìn yín.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń YA ÀLEJÒ SỌ́TỌ̀?

Ní ọ̀pọ̀ pápá ńlá, àwọn alátìlẹ́yìn tó wá láti ìlú mìíràn ní apá tiwọn. Ọlọ́pàá lè dúró sáàárín wọn àti onílé. Ẹlòmíràn a máa bínú sí i. Yóò ní, "Ṣé olè ni wá ni?" Rárá o. Àwọn aláṣẹ ń gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ ẹnu má baà di ọ̀rọ̀ ọwọ́. Bí góòlù bá wọlé, ẹ̀yin yóò fò sókè, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yóò sì káwọ́ lérí. Bí ẹ bá fò sókè níwájú ẹni tó ń sunkún, ẹ ti rí ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ.

Nítorí náà, ẹ jókòó síbi tí wọ́n fi yín sí. Ẹ kọrin yín, ẹ lù ìlù yín, ẹ fi asọ̀ ẹgbẹ́ yín yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ orin èébú ìlú, ìran tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ rìn kiri nínú ìlú tàbí ọjà kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ aṣọ mìíràn lé aṣọ ẹgbẹ́ yín. Ẹ kí onílé. Bí àlejò bá mọ̀ ọ́n kí, onílé yóò fi ọ̀nà hàn án.

Kí ẹ sì mọ̀ pé àlejò lè pàdánù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Bẹ̀nẹ̀ lọ bá Nàìjíríà ní Uyo. Bí Bẹ̀nẹ̀ bá borí lọ́jọ́ yẹn, yóò lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé. Nàìjíríà jẹ góòlù 4, Bẹ̀nẹ̀ kò jẹ ẹyọ kan. Ó dunni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí a pàdánù lónìí, a lè borí rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀mí tó bá lọ kì í padà.

KÍ LÓ Ń PA ÈNÌYÀN NÍ PÁPÁ BỌ́Ọ̀LÙ?

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Bí ẹ bá bi ènìyàn pé kí ló ń pani ní pápá bọ́ọ̀lù, yóò ní ìjà ni. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ní Accra, olú ìlú Gánà, ẹgbẹ́ Hearts of Oak gba àlejò ẹgbẹ́ Asante Kotoko tó wá láti Kumasi. Hearts jẹ 2, Kotoko jẹ 1. Inú bí àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko. Àwọn kan nínú wọn ń fa àga tu, wọ́n ń sọ ọ́ lu pápá. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín èrò. Gbogbo èrò sá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bá àwọn ilẹ̀kùn ní títì. Ènìyàn 127 kú. Àga kọ́ ló pa wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kú sí.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ní pápá Kégué ní Lómé, Tógò gba àlejò Mali. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù parí, iná kú. Òkùnkùn ṣú, èrò rọ́ lọ sí ọ̀nà àbájáde. Ènìyàn 4 kú. Kò sí ìjà kankan.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní pápá Olembe ní Yaoundé, ilẹ̀ Kamẹrúùnù, èrò ń rọ́ wọlé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà ní títì. Ènìyàn ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gbogbo wọn ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ènìyàn 8 kú.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ àlejò mu jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Sheffield, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989. Ẹgbẹ́ Liverpool àti ẹgbẹ́ Nottingham Forest ló pàdé, àlejò sì ni àwọn méjèèjì níbẹ̀. Ibi tí wọ́n fi àwọn ará Liverpool sí wà lẹ́yìn góòlù kan. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń wòran. Wọ́n fi irin pín ibẹ̀ sí ọgbà-ọgbà bí ọgbà ẹran. Nígbà tí èrò pọ̀ jù lóde, ọlọ́pàá ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá kan. Àwọn tó wọlé rí ọ̀nà kan tó là tààrà níwájú wọn, wọ́n gba ibẹ̀. Ọ̀nà náà já sí ọgbà méjì tó wà láàárín, èyí tó ti kún tẹ́lẹ̀. Àyè ṣì wà ní ọgbà apá ọ̀tún àti ti apá òsì. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n, wọn kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò dúró síbẹ̀ láti darí wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé àwọn tó wà níwájú ń kú lọ. Ènìyàn 97 ló bá a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru àwọn alátìlẹ́yìn. Ó di ọdún 2016 kí ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó sọ pé ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn rárá, àti pé àwọn ọlọ́pàá tó ń darí èrò ṣe àṣìṣe ńlá.

Ṣé ẹ rí i? Níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìfúnpọ̀ èrò ló pani. Ẹnu ọ̀nà tàbí ibi tó há ni ó ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí èrò ń wọlé tàbí nígbà tí wọ́n ń jáde.

BÍ ÌFÚNPỌ̀ ṢE Ń PANI

Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín, kí ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ rí i pé àyà yín wú sókè. Bí àyà kò bá rí àyè wú, èémí kò lè wọlé. Bí èrò bá fún ènìyàn níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, àyà rẹ̀ dà bí àpò àgbàdo tí a fi okùn dì pinpin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kú lórí ìdúró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ lè dán ìwọ̀n èrò wò ní ìta ilé yín. Ẹ fi igi ya ilà sílẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ẹ fi ènìyàn 2 sínú rẹ̀: wọ́n dúró dáadáa. Ẹ fi 4 sí i: ara ń kan ara díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè yí padà. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi kún un mọ́. Bí wọ́n bá di 6 tàbí 7, ẹnikẹ́ni kò ní lè gbé apá rẹ̀ sókè. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, ènìyàn kì í rìn mọ́, èrò ló ń gbé e lọ bí odò ṣe ń gbé ewé lọ. Ìgbà tí ẹ bá ti rí i pé ara ń kan ara níhà gbogbo, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ kúrò. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ kò ní lè rìn.

BÍ ÈRÒ BÁ FÚN MỌ́ YÍN

Ẹ ká apá yín síwájú àyà bí ẹni tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, kí àyà lè rí àyè mí. Ẹ má ṣe ti èrò padà. Ẹ kò lè borí rẹ̀. Bí ó bá tì yín, ẹ bá a lọ. Bí ó bá dẹwọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí rẹ̀. Ẹ má ṣe sún mọ́ ògiri tàbí odi irin. Bí bàtà, fìlà tàbí fóònù bá jábọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ẹ gbé ọmọdé sókè. Ẹ má pariwo lásán, ẹ fi èémí yín pamọ́. Bí ẹnì kan bá ṣubú, kí àwọn tó wà nítòsí fà á dìde kíákíá. Bí ẹ̀yin bá ṣubú tí ẹ kò lè dìde, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ ká ara kò, ẹ fi apá bo orí.

Bí wọ́n bá yin tajútajú, ojú yóò ta yín gidigidi, ikọ́ yóò sì máa ṣe yín. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ nu ojú. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ẹ kúrò níbi tí èéfín ń fẹ́ sí, ẹ lọ síbi tí atẹ́gùn tútù wà. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ojú. Ẹ má sáré: ibi tí gbogbo ènìyàn bá sáré sí ni ìfúnpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí gbogbo èyí ni a ṣe ní kí ẹ tètè dé, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ọ̀nà. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ wá ọ̀rọ̀ SORTIE pẹ̀lú ojú yín. Ẹ wá méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni gbogbo ènìyàn yóò rántí nígbà ewu. Èkejì ló lè gbà yín là. Ẹ ka iye ìlà àga tó wà láàárín yín àti rẹ̀, nítorí bí iná bá kú, ọwọ́ ni ẹ ó fi kà á.

BÍ BỌ́Ọ̀LÙ BÁ PARÍ

Wọ́n lè ní kí ẹ̀yin àlejò dúró kí onílé kọ́kọ́ jáde. Ẹ má bínú, ẹ jókòó. Kódà bí wọn kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú lọ. Ibi tí ẹ ti fẹnu kò sí láàárọ̀ ni kí gbogbo yín ti pàdé. Ẹ yan ohun tó hàn lókèèrè, bí igi ńlá tàbí ilé epo. Ẹ má ṣe yan ẹnu ọ̀nà pápá. Níbẹ̀ ni kí olórí ti pe orúkọ. Bí ẹnì kan bá kù, kí ọkọ̀ má gbéra.

Kì í ṣe pápá ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Bí abúlé yín bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní abúlé kejì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ògiri, ṣùgbọ́n ọkọ̀, orin èébú àti ọ̀nà òru wà níbẹ̀. Ẹ lo ọgbọ́n kan náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́

1. Kí ni SORTIE DE SECOURS? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
2. Kí ló dé tí ènìyàn fi lè kú nínú èrò lórí ìdúró?
3. Ní Sheffield, àyè wà ní ọ̀tún àti òsì. Kí ló dé tí àwọn àlejò kò lọ síbẹ̀?
4. Níbi tí ẹ ti ń kàwé yìí, níbi tí ẹ ti ń jọ́sìn, ní ọjà yín: ọ̀nà àbájáde mélòó ló wà? Ṣé wọ́n ń ṣí wọn?

Ẹ jíròrò rẹ̀ láàárín ara yín. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kí Olúwa máa mú wa lọ, kí ó sì máa mú wa bọ̀. Ó di ìgbà mìíràn o.